Adégòkè Adélabù: Ọkùnrin tí kò jẹ́ kí ìbò Ìwọ̀-Oòrùn dúró sójú kan

Lóṣù Kejì ọdún 2023, àwọn ará Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dìbò yan Bọ́lá Tinúbú ti ẹgbẹ́ APC sípò ààrẹ. Oṣù kan kò tíì pé lẹ́yìn náà tí wọ́n tún tò, tí wọ́n sì dìbò fún Ṣèyí Mákindé ti PDP pé kó máa ṣe gómìnà lọ. Lọ́dún 2019 ńkọ́? PDP ni wọ́n fún, ti ààrẹ àti ti gómìnà. Lọ́dún 2015, APC ni wọ́n fún ní méjèèjì. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣàlàyé ètò ìdìbò lórí afẹ́fẹ́ fi máa ń sọ pé Ọ̀yọ́ ò ṣeé fọwọ́ sọ̀yà lé lórí.

Orúkọ kan wà nínú ìdíje gómìnà ọdún 2019 àti ti 2023 tó mú kí àwọn àgbàlagbà Ìbàdàn gbé orí sókè: Adélabù. Báyọ̀ Adélabù dù ú lábẹ́ APC nígbà àkọ́kọ́, ó sì dù ú lábẹ́ ẹgbẹ́ Accord nígbà kejì. Ọmọ-ọmọ Adégòkè Adélabù ni. Bàbá àgbà yìí kú láti ọdún 1958, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń dìbò lónìí ni kò tíì sí ẹni tó máa bí wọn nígbà yẹn. Síbẹ̀ bí a bá ń wá ibi tí àṣà kí Ìbàdàn máa lọ ọ̀tọ̀ nígbà ìbò ti di ohun tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀, ilé rẹ̀ ni a máa kọ́kọ́ kàn.

Ọjọ́ Kẹta oṣù Kẹsàn-án ọdún 1915 ni wọ́n bí Gbàdàmọ́sí Adégòkè Àkàndé Adélabù nílùú Ìbàdàn. Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ilé ìwé àwọn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì ló ti kàwé: St. David's ní Kúdẹ̀tì, lẹ́yìn náà Central School ti CMS ní Màpó. Orí rẹ̀ pé púpọ̀. Lọ́dún 1931 ó wọ Government College Ìbàdàn, ó sì jáde lọ́dún 1935. Ilé iṣẹ́ UAC fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti lọ sí Yaba Higher College ní Èkó, àmọ́ kò pẹ́ níbẹ̀ tó fi kúrò, tó gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ UAC fúnra wọn. Iṣẹ́ rírà àti yíyẹ irè oko wò, pàápàá kòkó, ló ń ṣe.

Iṣẹ́ kòkó yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe dà létí lọ. Ọ̀mọ̀wé inú ìlú pọ̀ nígbà náà tí kò mọ ọ̀nà oko. Adélabù mọ̀ ọ́n. Ó mọ bí àgbẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀, ó mọ ohun tó ń bí i nínú, ó mọ iye tó máa kù sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn tó bá ta kòkó tán tó sì san owó orí. Ó tún ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìjọba ní ẹ̀ka tó ń bójú tó àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó padà sí UAC, ó tún fi í sílẹ̀, ó ṣòwò tirẹ̀, ó kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn. Òwò kò fi bẹ́ẹ̀ gbè é. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì gbàǹgbà tó máa ń mú kí àwọn òyìnbó pàápàá wá ìwé atúmọ̀ èdè. Tó bá tún bọ́ síta láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, èdè Ìbàdàn ponbele ló kù.

Ọ̀rọ̀ Sàlámì Àgbàjé ló gbé e jáde

Kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú kankan nínú ohun tó sọ Adélabù di gbajúmọ̀. Ọ̀rọ̀ oyè ni. Lọ́dún 1949, àwọn ìjòyè àti àwọn mọ́gàjí kan dìde sí Olóyè Sàlámì Àgbàjé, Ọ̀tún Balógun Ìbàdàn, wọ́n ní kí wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè. Olówó ńlá ni Àgbàjé, oníṣòwò tó ti rí ṣe kí ọ̀pọ̀ wọn tó jí. Bí oyè Ìbàdàn ṣe ń gun àkàbà, ó ti ń sún mọ́ orí ìtẹ́ Olúbàdàn. Àwọn tó ń bá a jà ní agbára ń gùn ún. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ìlara lásán ni.

Ẹni tó mọ̀wé kọ ni àwọn ìjòyè náà ń wá, Adélabù sì wà ńlẹ̀. Ó ń kọ ìwé ẹ̀sùn, ó ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn, ó ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ lọ́nà tí ìjọba òyìnbó ò fi lè ṣe bí ẹni pé òun ò gbọ́. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀ lábẹ́ òyìnbó kan tó ń jẹ́ Butcher. Nígbà tí àbájáde jáde lọ́dún 1951, wọn kò rí ẹ̀bi tó tó láti fi rọ Àgbàjé lóyè. Dípò bẹ́ẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ Ìbàdàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n tún tò. Láàárín àkókò yìí kan náà ni àwọn ìlú apá Ọ̀ṣun kúrò lábẹ́ Ìbàdàn, tí wọ́n di ẹ̀ka ìjọba tiwọn.

Adélabù pàdánù ẹjọ́ yẹn, ká sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ó jèrè ohun tí owó ò lè rà: àwọn mọ́gàjí mọ̀ ọ́n. Mọ́gàjí kọ̀ọ̀kan ló ní agbo ilé lẹ́yìn, agbo ilé kọ̀ọ̀kan ló sì ní oko àti abúlé níta ìlú. Ìbàdàn ni ìlú tó tóbi jù ní Nàìjíríà nígbà náà. Ẹni tó bá rí àwọn mọ́gàjí mú, ó ti rí ohun tí kò sí ẹgbẹ́ kankan tó lè fi pátákó àti ìwé ìpolongo kó jọ.

Ọdún 1951: ẹgbẹ́ kan, ọ̀nà méjì

Ọdún 1951 náà ni ìdìbò sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn dé. Ẹgbẹ́ Action Group ti Awólọ́wọ̀, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ nítorí àmì ọ̀pẹ wọn, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. NCNC ti Azikiwe, alákùkọ, ti wà láti ọdún 1944. Ìbàdàn ò mú ìkankan. Ẹgbẹ́ tiwọn ni wọ́n dá, Ibadan People's Party, ó sì kó gbogbo àyè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó jẹ́ ti Ìbàdàn. A.M.A. Akínlóyè, agbẹjọ́rò ọ̀dọ́, ni olórí wọn. Adélabù wà nínú wọn.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Action Group nílò àwọn aṣòfin láti ṣe ìjọba, NCNC náà nílò wọn. Kí Ilé tó jókòó lóṣù Kìíní ọdún 1952, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Ìbàdàn wọ̀nyẹn ti gba ọ̀dọ̀ Ọlọ́pẹ lọ. Akínlóyè di mínísítà ètò ọ̀gbìn. Adélabù ò lọ. Ó dúró ti NCNC, ó jókòó sí ìhà alátakò.

Ìtumọ̀ tí àwọn ará ìta fún un ni pé ó fẹ́ràn Azikiwe. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun tí àwọn ará Ìbàdàn rí yàtọ̀. Lójú tiwọn, àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n rán níṣẹ́ ti lọ bá àjèjì jẹun, ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó padà wá jíṣẹ́. Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ, ń gbé Ìbàdàn, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú ni wọ́n kà á sí. Ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú ní Ìbàdàn nígbà yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ìjẹ̀bú ló ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, Ìjẹ̀bú ń ra ilẹ̀, Ìjẹ̀bú ń fẹ́ kí wọ́n fún òun ní ẹ̀tọ́ bíi ti ọmọ onílẹ̀. Ìbínú yìí wà ńlẹ̀ kí Adélabù tó dé. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ná sí i, ó sì fẹ́ ẹ gan-an. Kò yẹ ká fi èyí pamọ́ nítorí pé ó jẹ́ akọni.

Lọ́dún 1952 ló tẹ ìwé kan jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì, Africa in Ebullition, nípa bí Áfíríkà ṣe gbọ́dọ̀ gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Nínú ìwé yẹn, olóṣèlú gbogbo Áfíríkà ni. Ní Màpó, ọmọ Ìbàdàn ni. Ó jọ pé kò rí ìjà kankan láàárín méjèèjì.

Owó orí, kòkó àti ọlá àwọn ìjòyè

Lọ́dún 1954 ni ó di ńlá. Ẹgbẹ́ méjì ló so pọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan ni Ẹgbẹ́ Máyégún, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀, tó dìde nígbà tí ìjọba òyìnbó ń gé igi kòkó tó ní àrùn lulẹ̀. Ìjọba ní kí àrùn má bàa ràn ni. Àgbẹ̀ tó ń wo igi tí bàbá rẹ̀ gbìn, tí wọ́n ń fi àáké gé, kò gbọ́ èyí. Ìkejì ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń san owó orí. Àwọn méjèèjì di Mábọlájẹ́, wọ́n sì so mọ́ NCNC.

Orúkọ yẹn fúnra rẹ̀ tó ìpolongo. Má ba ọlá jẹ́. Ọlá ta ni? Ọlá àwọn ìjòyè àti ti ìlú, tí òfin ìjọba ìbílẹ̀ tuntun ti Action Group ń dín kù. Kò sí àgbàlagbà ní agbo ilé tí wọ́n máa ṣàlàyé rẹ̀ fún. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ní ètò, wọ́n ní ìwé, wọ́n ní àwọn ọ̀mọ̀wé tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe pẹ̀lú ilé ìwé àti ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi owó kún owó orí nítorí ilé ìwé àti ilé ìwòsàn yìí, ọmọ kankan ò sì tíì jókòó sí ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àgbẹ̀ ti san, kò tíì rí nǹkan.

Ẹ wò ó bí ìbò ṣe pín kiri Ìwọ̀-Oòrùn nígbà yẹn, nítorí Ìbàdàn nìkan kọ́. Èkìtì àti Ìjẹ̀bú, Ọlọ́pẹ ló pọ̀ níbẹ̀. Ifẹ̀, níbi tí Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí ti sún mọ́ Awólọ́wọ̀, Ọlọ́pẹ. Ṣùgbọ́n tí ènìyàn bá rìn díẹ̀ láti Ifẹ̀ dé Iléṣà, ilẹ̀ alákùkọ ló bá ara rẹ̀. Ní Ọ̀yọ́, ìjà láàárín Aláàfin Adéyẹmí Kejì àti Bọ́dé Thomas, igbákejì Awólọ́wọ̀, ti sọ àwọn ènìyàn Aláàfin di alákùkọ. Ní Bìní, tó wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, àwọn tó ń tẹ̀lé Ọba gba ọ̀dọ̀ NCNC nítorí pé àwọn ọlọ́lá ìlú tí wọn ò fẹ́ wà lọ́dọ̀ Action Group. Ẹni tó bá ní ẹ̀yà ló ń darí ìbò níbẹ̀, kó lọ wo Iléṣà àti Ifẹ̀ dáadáa. Ìlú kọ̀ọ̀kan kàn ń wo ẹni tó wà níbi tí ọ̀tá rẹ̀ wà ni, ó sì ń gba ibòmíràn lọ.

Lópin ọdún 1954 ni wọ́n dìbò sí Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Èkó. Ibi tí kò sẹ́ni tó fọkàn sí ló já sí. Nínú àyè 42 tó jẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn, NCNC mú 23, Action Group mú 18. Awólọ́wọ̀ ni Olórí Ìjọba ní Ìbàdàn, ìlú kan náà tó jókòó sí ti yí i lẹ́yìn padà. Níwọ̀n bí òfin ṣe ní ẹgbẹ́ tó bá borí ní agbègbè kọ̀ọ̀kan ló máa mú mínísítà mẹ́ta wá, NCNC ló yan ti Ìwọ̀-Oòrùn: Kọ́lá Balógun láti apá Ọ̀ṣun, Festus Okotie-Eboh láti apá Warri, àti Adégòkè Adélabù láti Ìbàdàn.

Mínísítà lọ́wọ́ kan, alága lọ́wọ́ kejì

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1955, ó di mínísítà ìjọba àpapọ̀ fún ohun àlùmọ́nì àti ètò ìgbáyé-gbádùn ará ìlú. Lákòókò kan náà, Mábọlájẹ́ ti gbá ìbò káńsù Ìbàdàn lọ, òun sì ni alága káńsù náà. Ó ń lọ sí Èkó, ó ń bọ̀ ní Màpó. Ilé rẹ̀ ní Òkè-Olúòkun kì í dá. Ẹni tó ní ẹjọ́ ilẹ̀ wá, ẹni tó fẹ́ iṣẹ́ wá, ẹni tó kàn fẹ́ rí i wá. Ìyàwó pọ̀, ọmọ pọ̀, onílù pọ̀.

Ó pọ̀ ju ohun tí ẹnì kan lè máa ṣe lọ, ìwé ìṣirò káńsù sì fi hàn. Ẹ̀sùn lórí bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ àti owó pọ̀ débi pé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀ lábẹ́ òyìnbó kan, Nicholson. Àwọn ènìyàn Adélabù ní Awólọ́wọ̀ ló ń wá ọ̀nà láti gba Ìbàdàn lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn tí kò rí i gbà nínú ìbò. Ọ̀rọ̀ yẹn ní òótọ́ nínú. Inú ìjọba Ọlọ́pẹ ò lè ṣàì dùn sí ìwádìí náà. Ṣùgbọ́n àbájáde tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1956 kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè fi ọwọ́ gbá dànù. Wọ́n dá Adélabù lẹ́bi lórí ọ̀nà tó gbà darí káńsù. Ó fi ipò mínísítà sílẹ̀, ó fi ipò alága sílẹ̀, ìjọba sì tú káńsù náà ká.

Ní ibòmíràn, ibẹ̀ ni ìtàn olóṣèlú máa ń parí sí. Ní Ìbàdàn, oṣù díẹ̀ péré ló kọjá kí wọ́n tó tún dìbò.

Ọjọ́ Kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 1956 ni wọ́n dìbò sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn. Tí NCNC bá borí, Adélabù ló máa di Olórí Ìjọba. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú àyè mẹ́jọ tí Ìbàdàn ní, Mábọlájẹ́ kó méje. Ìwádìí Nicholson ò yí wọn lọ́kàn padà rárá. Bóyá ó tilẹ̀ fi kún un, nítorí lójú ará Ìbàdàn, ọmọ wọn ni wọ́n ń dójú tì.

Àmọ́ Ìbàdàn jẹ́ àyè mẹ́jọ nínú ọgọ́rin ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbòmíràn ló pinnu. Láti oṣù Kìíní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Owó orí tí wọ́n bú Awólọ́wọ̀ lé lórí lọ́dún 1954 ti di ilé ìwé, àwọn ọmọ ti ń lọ síbẹ̀, àwọn òbí sì rí i. Àwọn kan tó dìbò fún àkùkọ lọ́dún 1954 padà sí ìdí ọ̀pẹ. Action Group mú 48, NCNC mú 32. Tí a bá fi iye àwọn tó dìbò wò ó, ìyàtọ̀ náà kò tó bẹ́ẹ̀: nǹkan bí 48 nínú ọgọ́rùn-ún fún Ọlọ́pẹ, nǹkan bí 45 fún alákùkọ. Ìyẹn ni pé ìjọba Awólọ́wọ̀, tí ọ̀pọ̀ ń rántí lónìí bí ẹni pé gbogbo Yorùbá ló wà lẹ́yìn rẹ̀, kò ní ìdajì ìbò Ìwọ̀-Oòrùn lọ́wọ́ lọ́dún yẹn.

Adélabù di olórí alátakò. Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ tí kò fi í sílẹ̀ mọ́. Ó lo gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan láti fi ṣàpèjúwe rúdurùdu tó ṣàrà ọ̀tọ̀, àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbé e bó ṣe bọ́ sí wọn létí, ó di Pẹnkẹlẹmẹ́sì. Ó di orúkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà ó di orúkọ gbogbo wàhálà òṣèlú Ìwọ̀-Oòrùn. Wọlé Ṣóyínká fi í sínú àkọlé ìwé kan tó kọ lọ́dún 1994.

Ojú ọ̀nà Èkó

Lọ́dún 1957 ó wà lára àwọn tó lọ sí ìpàdé lórí òfin Nàìjíríà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní gbogbo àkókò yìí, ìjà owó orí ní àwọn abúlé Ìbàdàn ò tíì tán. Agbowó-orí tó bá jẹ́ ti Ọlọ́pẹ ń lọ sí abúlé alákùkọ bí ẹni tó ń lọ sójú ogun.

Ọjọ́ Karùndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta ọdún 1958, ó ń bọ̀ láti Èkó nínú ọkọ̀ pẹ̀lú oníṣòwò ará Lẹ́bánónì kan. Ní apá ilẹ̀ Rẹ́mọ, ọkọ̀ wọn forí sọ ọkọ̀ mìíràn. Adélabù kú lójú ẹsẹ̀. Ẹni ọdún 42 ni.

Jàǹbá ọkọ̀ ni. Kò sí ohun tó fi hàn pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Rẹ́mọ ló kú sí, ilẹ̀ Awólọ́wọ̀, ìròyìn yẹn sì dé Ìbàdàn pẹ̀lú ìtumọ̀ tí àwọn ènìyàn ti fi sí i lójú ọ̀nà. Wọ́n ní Ọlọ́pẹ ló pa á. Láàárín wákàtí díẹ̀, ìlú ti gbiná. Wọ́n ń dáná sun ilé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Action Group, wọ́n ń pa wọ́n, ó sì burú jù ní àwọn abúlé, níbi tí ọlọ́pàá ò tètè dé. Àwọn tó ń gba owó orí àti àwọn tí wọ́n mọ̀ sí Ọlọ́pẹ ni wọ́n ń wá kiri. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kú tí kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ tó já lójú ọ̀nà. Nígbà tí ọlọ́pàá parí iṣẹ́, wọ́n kó ọgọ́ọ̀rọ̀ ènìyàn lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì dájọ́ ikú fún ọ̀pọ̀ lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn.

Àwọn tó kú wọ̀nyẹn ò sí nínú orin tí wọ́n ń kọ nípa Adélabù. Ọmọ Ìbàdàn náà ni wọ́n. Aládùúgbò wọn ló pa wọ́n nítorí ẹgbẹ́ tí wọ́n ṣe, lórí ẹ̀sùn tí ẹnikẹ́ni ò dúró wádìí. Ìfẹ́ tí ìlú ní sí ọkùnrin kan ti pọ̀ débi pé kò sí àyè fún ẹni tó bá ní èrò mìíràn.

Ta ló jogún ìbò náà?

Wọ́n rò pé Mábọlájẹ́ máa kú pẹ̀lú rẹ̀. Kò kú lójú ẹsẹ̀. Ó pín. Adéoyè Adisa mú apá kan, Mọ̀jíìdì Àgbàjé mú apá kan, oníkálùkù ń sọ pé òun ni àrólé. Ẹ sì rántí orúkọ Àgbàjé yìí: agbẹjọ́rò ni Mọ̀jíìdì, ọmọ Sàlámì Àgbàjé, olóyè tí Adélabù kọ̀wé lòdì sí títí lọ́dún 1949. Ọmọ ọ̀tá àná ló wá ń dù láti jókòó sí àga bàbá Mábọlájẹ́. Ní Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó kà á sí ohun ìyanu.

Nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ọdún 1959, Mábọlájẹ́ mú àyè mẹ́fà ní Ìbàdàn. Wọn kò gba abẹ́ NCNC lọ mọ́. Orúkọ ara wọn ni wọ́n fi dù ú. Ìyẹn ló sọ òótọ́ nípa ìbò gbogbo ọdún tó ti kọjá. Àkùkọ tó wà lórí àpótí ìbò ní Ìbàdàn, aṣọ ìyá ni. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ni wọ́n ń bá lọ. Àwọn olórí NCNC ní Èkó àti ní ìhà Ìlà-Oòrùn ti ka Ìbàdàn mọ́ tiwọn láti ọdún 1954, ó dà bíi pé wọn ò béèrè lọ́wọ́ ará Ìbàdàn rí.

Lẹ́yìn náà ni ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1962, tí Action Group fúnra rẹ̀ fọ́. Àwọn tó ti ń bá Ọlọ́pẹ jà láti ìbẹ̀rẹ̀ wá rí ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn Ọlọ́pẹ tó bá Akíntọ́lá lọ, nínú NNDP tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ẹgbẹ́ Dẹ́mọ. Akínlóyè náà wà níbẹ̀. Ìdìbò ọdún 1965 ni ó sọ gbogbo rẹ̀ di wẹ́tìẹ̀, tí ilé àti ènìyàn ń jóná káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn, tí àwọn ológun fi gba ìjọba lóṣù Kìíní ọdún 1966.

Nígbà tí ìbò padà dé lọ́dún 1979, Akínlóyè ni alága gbogbogbòò fún NPN. Ó ti lé ní ọdún 25 tó kúrò lẹ́yìn Adélabù. Ọ̀pọ̀ rò pé ọmọ Ìbàdàn nípò bẹ́ẹ̀ máa gbé Ìbàdàn lọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ìbàdàn inú rẹ̀, dìbò rẹpẹtẹ fún UPN ti Awólọ́wọ̀, Ìjẹ̀bú tí wọ́n sá fún lọ́dún 1954, Bọ́lá Ìgè sì di gómìnà. Ọmọ wọn ti gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ jáde nígbà yẹn, àwọn tó ń dìbò kì í ṣe àwọn tó gbọ́ ìró àáké nínú oko kòkó.

Lọ́dún 1983, wọ́n kéde Ọmọlolú Olúnlóyọ̀ ti NPN, ọmọ Ìbàdàn, pé òun ló lé Ìgè lọ. UPN ní èrú ni. Ọ̀pọ̀ nínú Ìbàdàn ní ọmọ onílùú dé orí àga nígbẹ̀yìn gbẹ́yín. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ni wọ́n búra fún un. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù Kejìlá, àwọn ológun ti padà dé.